Ṣé ká gba ọkùnrin sínú ẹgbẹ́ obìnrin níbi iṣẹ́ wa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka saikọ́lọ́jì, ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Mápó:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ìbéèrè kan, mo sì mọ̀ pé àwọn tó kàwé nípa ẹ̀ wà níbí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ là ń ṣe níbi iṣẹ́ wa n'Íbàdàn, obìnrin ò pọ̀ láàárín wa rárá, a wá dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ sáìtì. Tí iṣẹ́ bá wà ní sáìtì tó jìnnà, àwọn ọ̀gá wa kì í fi orúkọ obìnrin sí i. Wọn ò pariwo mọ́ wa o, wọn ò bú wa, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi sọ ọ́, "ẹ̀yin ìyàwó wa, ọ̀nà ò dáa, ẹ jókòó sọ́fíìsì níbi tí éèsì wà jàre." Ó dùn létí. Àmọ́ tí ìgbéga bá dé, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni pé sáìtì mélòó lo ti ṣe, owó tí wọ́n sì ń fún àwọn tó lọ sáìtì, ọwọ́ wa kì í tó o.

Àwọn ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wá ní àwọn náà fẹ́ wọ ẹgbẹ́, àwọn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wa ní kí wọ́n máa bọ̀, àwọn yòókù ní láéláé, pé tí wọ́n bá fi lè wọlé, kò ní pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn á fi di alága. Ẹnì kan wà nínú wọn, èèyàn dáadáa ni o, kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n kí obìnrin kan lanu báyìí nípàdé, á ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, "ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé..." Ẹ gbà mí!

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ìwádìí kankan wà lórí irú ẹ̀, pé tí àwọn tọ́wọ́ wọn wà lókè bá ní àwọn fẹ́ gbè sẹ́yìn àwọn tó wà nísàlẹ̀, ìgbà wo ló ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo ló sì ń dàrú? Ẹ má wàásù fún mi o, ohun tí wọ́n ti dán wò ni mo fẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Sóṣíà saikọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń hùwà sí ara wọn, ni mò ń fi ṣe másítà, ọ̀rọ̀ yín bọ́ sí ibi tí mò ń kà lọ́wọ́ gan-an, ẹ má bínú tó bá gùn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá yín bẹ̀rẹ̀, torí mi ò rò pé ẹ lè mọ irú ọkùnrin tẹ́ ẹ máa gbà wọlé tẹ́ ò bá kọ́kọ́ mọ irú nǹkan tẹ́ ẹ ń bá jà. L'Ámẹ́ríkà, Peter Glick àti Susan Fiske kọ ìwádìí kan jáde ní 1996. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ní ẹnì kan ní ẹ̀tanú sí obìnrin, ohun táwọn èèyàn máa rò ni pé ó kórìíra wọn, ó ń bú wọn, ó ní wọn ò lọ́pọlọ. Àwọn méjì yìí ní apá méjì ló ní. Ti ojú kíkan wà, ìyẹn la mọ̀. Èkejì wọ aṣọ ìkẹ́ ni: ẹlẹgẹ́ lobìnrin, ọkùnrin ló yẹ kó máa dáàbò bò ó, ìwà obìnrin mọ́ ju ti ọkùnrin, tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ obìnrin ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ. Ìbéèrè 22 ni wọ́n tò, 11 fún ti ojú kíkan, 11 fún ti ìkẹ́.

Nígbà tó di 2000 wọ́n gbé èsì jáde láti orílẹ̀-èdè 19, àwọn tó dáhùn lé ní 15,000, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n rí? Apá méjèèjì jọ ń rìn ni. Ilẹ̀ tí ti ojú kíkan bá ti pọ̀, ibẹ̀ náà ni ti ìkẹ́ ti ń pọ̀, ibẹ̀ náà sì lobìnrin ti ń kéré nípò àṣẹ. Èyí tó jẹ́ kí n pa ìwé dé kí n kọ́kọ́ ronú ná ni pé àwọn obìnrin ò gba ti ojú kíkan bí àwọn ọkùnrin ṣe gbà á, ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí ẹ̀tanú àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ti ga jù, ìyẹn Kúbà, Nàìjíríà, South Africa àti Botswana, àwọn obìnrin ló gba ti ìkẹ́ ju àwọn ọkùnrin wọn lọ. Kì í ṣe pé ojú wọn fọ́ o. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé níbi tọ́wọ́ ọkùnrin bá ti le jù, ibẹ̀ lobìnrin ti máa nílò ọkùnrin tó máa gbà á sílẹ̀ jù.

Ṣé ìkẹ́ yẹn wá ń pani lára? Ní 2007, Benoit Dardenne àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Belgium ṣètò bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba obìnrin síṣẹ́ níléeṣẹ́ tí ọkùnrin pọ̀ sí. Wọ́n sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí àwọn kan, pé wọ́n ti pàṣẹ fáwọn láti gba obìnrin ni, àti pé obìnrin máa ń tètè bínú. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé ẹ má mikàn, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ti gbà, wọ́n á ràn yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn ṣèdánwò. Àwọn tí wọ́n kẹ́ ló ṣe dáadáa kéré jù. Ẹni tí wọ́n bú mọ̀ pé wọ́n bú òun, ó gbọnra nù, ó kọjú síṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n kẹ́ ò rí ẹnikẹ́ni bá jà, ara ẹ̀ ló wá ń bi léèrè, "àbí mi ò lè ṣe é lóòótọ́ ni?" èrò yẹn sì ń jẹ ọpọlọ tó yẹ kó fi ṣèdánwò.

Ti àwọn ọkùnrin tó fẹ́ wọlé wá ńkọ́. Arie Nadler, ará Ísírẹ́lì, ti là á sílẹ̀ tipẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ tí ẹgbẹ́ alágbára ń ṣe fún aláìlágbára pé méjì, ọ̀kan ń bá ẹ ṣe é pátápátá, ìwọ ṣáà jókòó, ọ̀la o tún máa padà wá bẹ̀ ẹ́. Èkejì á gbé irinṣẹ́ lé ẹ lọ́wọ́, ó tán. Ní 2019 Shaun Wiley àti Christine Dunne wá bi àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin léèrè irú ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ lẹ́yìn wọn, èkejì yẹn ni wọ́n mú. Ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, ti àkọ́kọ́ ló ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ èèyàn dáadáa.

Ẹ má sì wo ojú wọn nìkan. Helena Radke àtàwọn mìíràn kọ ọ́ ní 2020 pé ohun mẹ́rin ló lè gbé irú wọn jáde: ó lè jẹ́ pé ìyà tó ń jẹ obìnrin ló ká a lára, ó lè jẹ́ orúkọ àti ipò àwọn ọkùnrin bíi tiẹ̀ ló ń tún ṣe, ó lè jẹ́ nǹkan tara ẹ̀ ló ń wá, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn gbà pé kò tọ́ ni. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń dùn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra wọn. Ọjọ́ tó bá di pé kó fi nǹkan kan sílẹ̀ lẹ máa dá wọn mọ̀.

Bàbá Táyé:

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ ti fẹ́ sọ ìkẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ báyìí. Ọ̀nà tí wọ́n ń sọ yẹn ò dáa lóòótọ́! Wọ́n ń jí èèyàn gbé, àwa tá à ń rìn ín la mọ̀. Tí ọ̀gá bá fi obìnrin ránṣẹ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin kan náà lẹ máa kọ́kọ́ sọ pé kò láàánú. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí, mi ò ní fẹ́ kí wọ́n gbé ìkankan nínú wọn lọ síbi tí mi ò mọ̀.

Ẹ sì jẹ́ n fi ìwádìí dá ìwádìí lóhùn, torí èmi náà ń kà. Pelin Gul àti Tom Kupfer, 2019. Wọ́n fi irú ọkùnrin oníkẹ̀ẹ́ yìí han àwọn obìnrin, àwọn obìnrin rí i pé ó lè máa fojú kéré àwọn, wọ́n mọ̀ dáadáa, síbẹ̀ òun ni wọ́n fẹ́, títí kan àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin. Wọ́n ní irú ẹ̀ ló máa náwó nára lé àwọn lórí. Ṣé àwọn náà ò mọ ohun tó dáa fún wọn ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà:

Ẹ̀gbọ́n, ìwádìí yẹn wà, ó sì ta ko ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rò nígbà tó jáde, inú mi dùn pé ẹ mú un wá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin téèyàn fẹ́ sún mọ́, téèyàn fẹ́ fẹ́, ló pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó wu obìnrin lára ọkọ ò fi hàn pé òun náà ló yẹ kí ọ̀gá fi máa pín iṣẹ́ fún un.

Ti ọ̀nà, mo gbà fún yín, ewu wà. Ṣùgbọ́n àwọn ajínigbé ò ń dá ọkùnrin padà sílé. Tí ọ̀nà ò bá dáa, kò dáa fún gbogbo wọn nìyẹn, kí iléeṣẹ́ háyà bọ́ọ̀sì àti ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n tètè gbéra, kí wọ́n má rìn lóru, kí wọ́n wá bi obìnrin náà pé ṣé wàá lọ. Ibi tí wọn ò ti bi í yẹn lèmi ń wò o.

Ìyá Ẹ̀gbá:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí l'Ábẹ́òkúta, mi ò mọ saikọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ oríṣi méjì tí ọmọ mi yìí ń sọ, ojú ilẹ̀ yìí ló ti ṣẹlẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́kọ́ ń darí, Abẹ́òkúta Ladies Club, àwọn obìnrin tó kàwé ló wà nínú ẹ̀, tíṣà, ìyàwó àlùfáà, àwọn tó ń kọ́ ọmọge ní iṣẹ́ ọwọ́ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ilé. Ìyá ọlọ́jà ò sí níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé àárín obìnrin sí obìnrin náà ni òkè àti ìsàlẹ̀ wà. Ohun tó wá yí i padà ni pé àwọn ọlọ́jà fẹ́ mọ̀wé kà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní nǹkan bí 1944, ẹnu ìwé kíkà yẹn ni wọ́n wà tí àwọn ọlọ́jà fi sọ ohun tó ń jẹ wọ́n níyà gan-an, ìrẹsì wọn tí àwọn aláṣẹ ń gbà, owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin nígbà tí kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Abẹ́òkúta Women's Union. Ìyáàfin bọ́ aṣọ òyìnbó, ìró àti bùbá ló kù tó ń wọ̀ jáde, Yorùbá ló sì ń sọ níbi ìpàdé, kí ó má bàa sí ìyá kan tí á jókòó sẹ́yìn torí pé kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì.

Ọkùnrin wà lẹ́yìn wọn o. Ọkọ ẹ̀, Àlùfáà Israel Ransome-Kuti, ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, kò dí i lọ́wọ́, ó dúró tì í. Nígbà tó di 1948 àwọn ìjòyè Ògbóni pàápàá kúrò lẹ́yìn Aláké. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé ibẹ̀ tó ní òun ni alága. Oṣù kìíní 1949 Aláké Adémọ́lá gbé adé sílẹ̀, àwọn obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀. Mo mọ̀ pé ó padà wá lẹ́yìn náà, ẹ má dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Ṣadé Peckham:

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ìtàn yẹn wọ̀ mí lára. HR, iṣẹ́ bíbójú tó òṣìṣẹ́, ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi wà lẹ́yìn àwọn tó ní kí wọ́n gba ọkùnrin wọlé, mo sì tún máa sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Àkọ́kọ́, ẹ ò lè ṣe é láìsí wọn. Ẹ rántí ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2022, nígbà tí Ilé Aṣòfin l'Ábújá da àwọn àbá òfin lórí ẹ̀tọ́ obìnrin nù, àwọn obìnrin lọ dúró sẹ́nu géètì. Ta ló dìbò nínú ilé? Ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú ìbò 2023 tó tẹ̀ lé e pàápàá, nínú sẹ́nétọ̀ 109, obìnrin mẹ́ta péré ló wọlé. Níbi tí ìṣirò bá ti rí báyẹn, tí ọkùnrin ò bá sọ̀rọ̀ sí ọkùnrin, kí lẹ fẹ́ fi gbà á?

Ohùn wọn sì ń wọlé ju tiwa lọ, ó ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Benjamin Drury àti Cheryl Kaiser kó ìwádìí jọ lórí ẹ̀ ní 2014: tí obìnrin bá sọ pé ohun tẹ́ ẹ ṣe yìí ẹ̀tanú ni, wọ́n á ní aláròyé ni, ó ń wá ti ara ẹ̀, tí ọkùnrin bá sọ ohun kan náà, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Sísọ ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ kì í sì rọrùn bí ẹni tó jókòó sílé ṣe rò ó. Julie Woodzicka àti Marianne LaFrance bi àwọn ọmọge l'Ámẹ́ríkà pé tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè ìsọkúsọ níbi íńtáfíù, irú bíi ṣé o ní ọkọ àfẹ́sọ́nà, kí lẹ máa ṣe? Ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ní ó kéré tán àwọn ò ní dáhùn ọ̀kan nínú ẹ̀. Wọ́n wá ṣe íńtáfíù tòótọ́ fún àwọn mìíràn, ọkùnrin ló jókòó níwájú wọn, ó béèrè ìbéèrè yẹn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kọ̀. Ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ọdún 2001 ni wọ́n kọ ọ́ jáde, bí ẹ bá sì ti jókòó síbi tí mo jókòó sí, ẹ ò ní ya ẹnu.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù wá ni àríyá. HeForShe, ìpolongo pé kí ọkùnrin gbè sẹ́yìn obìnrin tí UN gbé jáde ní 2014, kàn bá wa níbí, gbogbo ọ̀gá ya fọ́tò pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, a jẹ kéèkì, ó tán. Mo gba ti ìpolongo náà o, ti kéèkì ni mi ò gbà. Tamar Saguy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti dán an wò ní 2009: wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ méjì, wọ́n gbé àṣẹ lé ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́, pé àwọn ló máa pín pọ́ìntì fún gbogbo èèyàn. Wọ́n ní kí àwọn kan jọ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó pa wọ́n pọ̀ nìkan. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò láṣẹ wá gbà pé àwọn yìí á pín in dọ́gba. Ìgbà tí wọ́n pín in, wọ́n kó tiwọn bí àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ṣe kó tiwọn. Nítorí náà tí àwọn ọkùnrin yẹn bá wọlé, ẹ má jẹ́ kí ìpàdé àkọ́kọ́ jẹ́ ti "ọ̀kan ni wá." Ìwé sáìtì, èyí tí orúkọ àwọn tó ń lọ wà nínú ẹ̀, ni kẹ́ ẹ gbé sórí tábìlì.

Ẹ má sì rò pé obìnrin kì í ṣe é o. Corinne Moss-Racusin, 2012: wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì 127 ní yunifásítì Amẹ́ríkà, wọ́n kọ John sí òmíràn, Jennifer sí òmíràn. Owó ọdún tí wọ́n ní àwọn máa san fún John jẹ́ dọ́là 30,238, ti Jennifer 26,508. Àwọn olùkọ́ tó jẹ́ obìnrin náà gé owó Jennifer.

Ọmọ Mápó:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ìyá wa, ẹ̀mí yín á gùn. Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Ṣadé sọ nípa ìwé sáìtì yẹn ti wọ̀ mí lórí, torí àwọn ọkùnrin tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yìí, méjì nínú wọn ń darí ikọ̀ tó ń lọ sáìtì, àwọn gan-an ló ń mú orúkọ lọ bá ọ̀gá! Wọn ò sì mú orúkọ obìnrin kankan lọ rí. Kò tiẹ̀ sọ sí wa lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti bi wọ́n.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí wọ́n máa dìbò? Ẹni tí mo sọ pé ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn yẹn ńkọ́, ta ló máa sọ fún un tí kò fi ní bínú?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbà:

Ti ìbò, kò sí ìwádìí tó máa bá yín pín in. Èmi tí mo bá wà níbẹ̀, kí wọ́n wá sípàdé, kí wọ́n gbé iṣẹ́, ṣùgbọ́n alága, akọ̀wé àti ẹni tó ń di owó mú, obìnrin, àwọn obìnrin ló sì máa yàn wọ́n. Ẹni tí ìyẹn ò bá tẹ́ lọ́rùn, ẹ ti mọ èwo ni nínú mẹ́rin tí mo sọ lókè.

Àwọn méjì tó ń mú orúkọ lọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, kódà kí àwọn yòókù tó wọlé. Ẹ ní kí orúkọ obìnrin kan wà nínú líìsì tó ń bọ̀, obìnrin tó ti fúnra ẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ. Wọ́n máa fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀rẹ́ wọn kan ò ní lọ, owó sáìtì yẹn ò sì ní dé ọwọ́ ẹ̀.

Ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kí ọkùnrin bíi tiẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé. Ìyẹn náà wà lára iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n wá ṣe.

Bàbá Táyé:

Èmi ò tíì gbà tán o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àti ẹ̀ṣọ́ yẹn mọ́gbọ́n wá. Àwa náà ń háyà bọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ tiwa, Ọmọ Mápó, ẹ jẹ́ n béèrè iye tí wọ́n ń gbà lóòjọ́, màá gbé e síbí lọ́la kẹ́ ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ máa kọ sí wọn. Àwọn ọ̀gá, tí wọ́n bá ti rí iye owó báyìí, á nira fún wọn láti sọ pé kò ṣe é ṣe.